Òǹtajà ní Ìlú Àjò: Ilé Leventis àti Àwọn Alátẹ Yorùbá ní Kumasi

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn ìdílé oníṣòwò kan, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ìlú tí ìdílé náà ti ń tajà, àwọn tí wọ́n jọ ń tà níbẹ̀, àti ìjọba tí ó fún wọn ní àyè tàbí tí ó gba àyè náà lọ́wọ́ wọn. Ìtàn òwò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́, sábà máa ń jẹ́ ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi UAC, John Holt, G. B. Ollivant àti PZ. Àwọn tí wọ́n ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń tú páálí palẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á ní ẹyọ ẹyọ fún ará àdúgbò, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹyọ nínú ìwé.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbé irú òǹtajà méjì yẹ̀ wò ní Kumasi, olú-ìlú ilẹ̀ Aṣánti ní orílẹ̀-èdè Ghana. Èkínní ni ìdílé Leventis, tí wọ́n wá láti erékùṣù Kípírù, tí wọ́n sì wà lára àwọn tí ó mú ilé ìtajà ìgbàlódé gbilẹ̀ ní Ghana àti Nàìjíríà. Èkejì ni àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ́ àtẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé àti inú ọjà ní ìlú kan náà. Àjòjì ni àwọn méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọgbọ́n òwò nìkan kọ́ ni ó ń mú kí iṣẹ́ ìdílé kan pẹ́ kí ti òmíràn sì tú. Àyè láti dúró, láti ní dúkìá, àti láti fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ni ó ya ìtàn àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. A ó sì rí i pé bí a ṣe ń rántí oore tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ìyàtọ̀ yìí gan-an.

Kumasi gẹ́gẹ́ bí ìlú ọjà

Kumasi ti jẹ́ oríta òwò kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ilẹ̀ Aṣánti. Obì ń ti ibẹ̀ gba òkè lọ, ẹran ọ̀sìn àti aṣọ sì ń ti òkè wá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Sekondi dé ìlú náà ní 1903, tí èyí tí ó ti Accra wá sì dé ní 1923, òwò ibẹ̀ yí padà. Kòkó ni ó ń lọ sí etíkun, ọjà òyìnbó ni ó sì ń padà bọ̀: ṣúgà, sadíìnì, mílíìkì inú agolo, ìṣáná, aṣọ, páànù ìbolé. Àdúgbò Adum ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, létí ojú irin, ni ọjà ńlá ìlú wà, èyí tí ó di ọ̀kan lára àwọn ọjà tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Àwọn Yorùbá kò kẹ́yìn níbẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti rìn dé ilẹ̀ Ghana, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fìdí múlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bí ẹnì kan bá ti rí àyè, yóò ránṣẹ́ sí àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn yóò bá a gbé, yóò bá a kiri ọjà fún ọdún mélòó kan, kí ó tó gba owó tí yóò fi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹbí ni ó di ilé ìfowópamọ́ wọn, ẹbí náà sì ni ó di ilé-ẹ̀kọ́ òwò wọn.

Orúkọ tí àwọn Akan ń pè wọ́n yẹ fún àkíyèsí olùkọ́ èdè. Alata ni wọ́n ń pè wọ́n. Létí ọmọ Yorùbá, ó jọ ẹni tí ó ń ta ata, àwọn kan sì ti túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ gbà jù ni pé orúkọ ìlú Allada, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni ó di Alata. Orúkọ yìí ti pẹ́ ní etíkun: àdúgbò kan ń jẹ́ Alata ní Jamestown ní Accra. Ọṣẹ dúdú wa ni a mọ̀ sí alata samina ní Ghana títí di òní. Obìnrin tí ó sì ń ta ẹ̀rù wẹ́wẹ́ lórí àtẹ, òun ni wọ́n ń pè ní Mami Alata. Orúkọ ènìyàn kan kò sí nínú ìpè yìí. Orúkọ iṣẹ́ àti orúkọ àjòjì ni wọ́n pa pọ̀ di ọ̀kan.

A. G. Leventis àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀

Anastasios George Leventis ni a bí ní 1902 ní Lemythou, abúlé kan lórí òkè ní Kípírù. Ó kàwé nípa òwò ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ó sì wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1920. Abẹ́òkúta wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ó tó kọjá sí Gold Coast, orúkọ tí Ghana ń jẹ́ nígbà náà. Ní ibẹ̀, ó di ọ̀gá nínú ilé-iṣẹ́ A. J. Tangalakis. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ G. B. Ollivant, Leventis kúrò níbẹ̀. Ní 1937, òun pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ Christodoulos àti ọ̀rẹ́ wọn George Keralakis dá A. G. Leventis and Company sílẹ̀.

Ọdún tí kò rọrùn ni 1937 fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ òwò. Ní ìparí ọdún náà ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Gold Coast kọ̀ láti ta kòkó, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńlá ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa rà á. Títí di oṣù kẹrin 1938 ni kòkó fi wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn sì ń yẹra fún ọjà òyìnbó. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀. Nígbà ogun náà, ìjọba ń pín àyè láti kó ọjà wọlé gẹ́gẹ́ bí iye tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti kó wọlé tẹ́lẹ̀. Ètò yìí dára fún ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu òwò. Ilé-iṣẹ́ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta, àti ọmọ onílẹ̀ tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni ó dá lẹ́sẹ̀ dúró. A rí i níhìn-ín pé Leventis, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òyìnbó, kò sí nínú agbo àwọn àgbà oníṣòwò ní ìbẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀ ó borí. Lẹ́yìn ogun, ilé-iṣẹ́ náà gbòòrò ní Gold Coast, ó sì fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1951 ni wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1953, wọ́n ti ń rọ Coca-Cola sínú ìgo ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní Èkó. Ilé ìtajà Leventis ní Marina ní Èkó kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà tí wọ́n gbé Èkó láyé ìgbà náà.

Àtẹ àti ilé ìtajà

Kí ni ó jẹ́ tuntun nínú irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́ ni iye owó. Nínú ọjà wa, ìnájà ni ó ń fi iye ọjà hàn. Ẹni tí ó tà pe iye kan, ẹni tí yóò rà já a sí méjì, wọ́n ń ná an títí wọn yóò fi pàdé. Ilé ìtajà tuntun lẹ iye mọ́ ara ọjà, ọba àti mẹ̀kúnnù sì ń san iye kan náà. Èkejì ni pé oríṣiríṣi ọjà wà lábẹ́ òrùlé kan: oúnjẹ, aṣọ, ohun èlò ilé, ìwé. Ẹ̀kẹta, tí ó dé lẹ́yìn, ni pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ni ó ń mú ohun tí ó wù ú lórí pẹpẹ, tí ó sì ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà bí ó ti ń jáde.

Èyí ni a sábà máa ń pè ní ìdàgbàsókè òwò, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ lótìítọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo Kumasi dáadáa, a ó rí i pé ilé ìtajà kò lè dá rìn. Ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ kò lè ra páálí ṣúgà, kò sì lè wọ ṣọ́ọ̀bù ní Adum ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Mami Alata ni yóò tú páálí, tí yóò ta ṣúgà ní horo mẹ́rin, sìgá ní ẹyọ kan, òwú ìránṣọ ní ìdì kékeré. Àtẹ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, fìtílà rẹ̀ sì ń jó títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Ó mọ ẹni tí ó lè ta àwìn fún, ó sì mọ ọjọ́ tí owó oṣù ń jáde. Ohun tí ilé ìtajà ń fi ìwé àti akọ̀wé ṣe, orí ni òun fi ń ṣe é.

Okùn kan so àwọn méjèèjì pọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pásíbúùkù. Oníbàárà tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, tí ó ti fi owó ìdúró sílẹ̀, ni wọ́n ń fún. Yóò gba ọjà lóṣù yìí, yóò san án padà lóṣù tí ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé náà. Ẹni tí ó ní pásíbúùkù yóò pín ọjà fún àwọn tí kò ní, àwọn yẹn yóò sì pín in fún alátẹ. Nítorí náà, bí a bá ń yin ẹni tí ó kọ́ ilé ìtajà, ó tọ́ kí á rántí pé àtẹ ni ó gbé ọjà rẹ̀ dé ilé tálákà.

Nkrumah àti títa ilé-iṣẹ́ Leventis

Ghana gba òmìnira ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta 1957. Ìjọba Kwame Nkrumah rò pé kò yẹ kí òwò orílẹ̀-èdè wà lọ́wọ́ àwọn àjòjì nìkan. Láàrin 1961 sí 1962, ìjọba ra ilé-iṣẹ́ Leventis ní Ghana, ó sì fi í ṣe ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tuntun kan, Ghana National Trading Corporation, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní GNTC. Sir Patrick Fitz-Gerald, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ní UAC tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olùdarí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń bẹ níbi tí ó wà, ọjà ń bẹ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ìdílé tí ó ni ín ti kúrò.

Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba rà á ni. Olówó gba owó rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ibòmíràn láti fi ṣòwò. GNTC ní tirẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó òkèèrè wọ́n, tí ìjọba sì ń pàṣẹ iye tí a gbọ́dọ̀ ta ọjà, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lórí pẹpẹ. Ní àwọn ọdún 1970, ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá kan ni ó ń rí ọjà gbà ní iye tí ìjọba pa láṣẹ, tí yóò sì lọ tà á ní ìlọ́po ìlọ́po. Kalabule ni àwọn ará Ghana ń pe ìwà yìí. Nígbà tí àwọn ológun dìde sí i ní 1979, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lé orí àwọn obìnrin ọjà; wọ́n wó ọjà Makola ní Accra palẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ẹni tí ìyà tọ́ sí kọ́ ni ó jẹ ẹ́. Alátẹ kò ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ni ojú rí.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ní 1969

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwọn alátẹ Yorùbá ti lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí ó kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n wà níbẹ̀ kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ilẹ̀ méjèèjì ni wọ́n tàbí àwọn òbí wọn ti dé. Àwọn ọmọ kan wà láàrin wọn tí wọ́n ń sọ Twi ju Yorùbá lọ, tí wọn kò sì rí ìlú bàbá wọn rí.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá kò tó láti gba gbèsè. Ẹni tí ó ń ta àwìn mọ̀ pé ọjà tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà ju èyí tí ó wà lórí àtẹ lọ. Àwọn kan ta ilé ní ìdákan nínú iye tí ó tó, àwọn mìíràn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ tàbí àyálégbé. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀pọ̀ bá dé ìlú wọn, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà. Ní 1970, òfin mìíràn jáde ní Ghana tí ó fi òwò kéékèèké sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè padà rí i pé ilẹ̀kùn ti sé.

Níbi yìí ni ìtàn méjèèjì ti yà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba òwò Leventis, wọ́n jókòó, wọ́n dúnàádúrà, wọ́n sanwó. Nígbà tí ìjọba mìíràn fẹ́ gba òwò Mami Alata, wọ́n ka ọjọ́ fún un. Àwọn onímọ̀ bíi Niara Sudarkasa àti J. S. Eades ti ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí àwọn Yorùbá wọ̀nyí, iṣẹ́ wọn sì fi hàn pé òwò àwọn ènìyàn náà lágbára, ó létò, ó sì ní ìran tí yóò jogún rẹ̀. Ohun tí kò ní ni òfin tí ó dáàbò bò ó.

Òótọ́ gbọ́dọ̀ dé ibi gbogbo. Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀. Ní 1972 àti 1977, òfin jáde níbẹ̀ tí ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ àjòjì ta ìpín fún ọmọ onílẹ̀. Àwọn ilé ńlá bíi Leventis ta ìpín, wọ́n sì dúró. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé jáde, àwọn ará Ghana sì di ẹrù wọn sínú àpò aláràbarà tí a ń pè ní Ghana Must Go. Àwọn wọ̀nyí kò ní ìpín tí wọn yóò tà. Ní ilẹ̀ méjèèjì, olówó rí àyè dúnàádúrà, alátẹ rí ọ̀nà.

Ogún àti ìtọrẹ

A. G. Leventis kú ní 1978. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n dá àjọ aláàánú kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ rẹ̀. Constantine Leventis, ọmọ arákùnrin rẹ̀, tí ó kàwé ní Cambridge, ni ó ṣe alága rẹ̀ títí tí ó fi kú ní 2002. Lábẹ́ rẹ̀ ni àjọ náà fi ṣe ìrànwọ́ fún ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti fún ìtọ́jú igbó. Èyí tí ó kàn wá jù ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Ti Iléṣà ni ó ṣáájú ní Nàìjíríà. Òmíràn wà ní Sogakope ní Ghana. Ọ̀dọ́ tí ó bá wọ ibẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ oko fún ọdún kan, kí ó tó padà sí ilé láti dáko. Oore ńlá ni èyí, ìyìn sì tọ́ sí àwọn tí wọ́n ṣe é. Owó tí ó wá láti ara òwò ni ó padà sí ilẹ̀.

Àwọn alátẹ náà ṣe oore. Ní Ghana, àwọn ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ń gba ẹni tuntun sílé. Owó láti àjò wà lára ohun tí a fi kọ́ mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ṣùgbọ́n àjọ wọn kò ní alága tí ìwé ìròyìn ń ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé wọn ní 1969, ẹgbẹ́ tú, ìwé ìdáwó sọnù, ẹni tí ó mọ iye tí lágbájá dá sì ti di olóògbé. Ilé tí wọ́n kọ́ wà níbẹ̀, orúkọ wọn kò sí lára ògiri. Ìtọrẹ kan ní ìwé, èkejì ní ìrántí nìkan. Ìrántí sì máa ń kú pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi Kumasi ṣe dígí, kí á fi wo ohun tí ó ń mú òwò ìdílé pẹ́. A rí i pé ilé Leventis ní ọgbọ́n àti ìfaradà, ó sì lo ọrọ̀ rẹ̀ dáadáa. A rí i pé àwọn alátẹ Yorùbá ní ọgbọ́n àti ìfaradà bákan náà. Ẹni tí a bá dúnàádúrà ni ó rí ogún fi sílẹ̀. Ẹni tí a ka ọjọ́ fún ni ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwa olùkọ́ èdè àti ìtàn. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n gun ọkọ̀ akẹ́rù ní 1969 ti di àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ṣakí. Púpọ̀ nínú wọn ṣì gbọ́ Twi, wọ́n sì mọ orúkọ tí ìyá wọn ń jẹ́ lẹ́yìn Mami Alata. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn. Kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń tà, ẹni tí ó fún wọn ní ọjà, iye gbèsè tí ó kù nílẹ̀, àti ilé tí wọ́n dáwó kọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é, kí wọ́n fi àmì sí i. Orúkọ Leventis wà lára ògiri ní Iléṣà. Ó kù sí ọwọ́ wa kí orúkọ àwọn tí wọ́n tú páálí rẹ̀ palẹ̀ ní Kumasi náà wà nínú ìwé.